Alẹ́ tí Èmi àti Bàbá Ìbejì Jáde ní Lyon

Àwọn tó ń bójú tó ojú ewé Yorùbá nínú ìwé wa yìí ní kí n kọ nǹkan ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé, kí n sọ bí èdè abínibí ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tó gbé e dé òkèèrè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa retí ọ̀rọ̀ lórí ohùn tàbí lórí àǹkóò fáwẹ̀lì. Ohun tí mo ní kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ kan tó dàrú ni. Ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ló dà á rú, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí túmọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ìbejì wa nílé ìtọ́jú ọmọdé ló sọ ọ́ fún mi. Ó wo ojú mi, ó rí i pé oorun kò tó mi, ó wá béèrè ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ṣe "soirée en amoureux" gbẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba àwọn ọmọ mi, mo lọ. Bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ sílé ni mo ń wá a ní Yorùbá. Àṣálẹ́ olólùfẹ́? Ó dà bí orúkọ ètò orí rédíò. Ìjáde tọkọtaya? Ìyẹn dà bí ìgbà tí ọkọ àti ìyàwó tuntun bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Kétu níbi tí wọ́n bí mi sí, tọkọtaya a máa jáde pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ló máa ń mú wọn jáde: òkú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọdún. Bí wọ́n bá sì débẹ̀ tán, ọkọ a lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, ìyàwó a gba ìdí ìkòkò lọ. Alẹ́ kan tí gbogbo ìlú máa ń tú síta ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Lálẹ́ yẹn kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá ọkọ rẹ ló jókòó tì ọ́. Ohun tí kálukú ń gbàdúrà ni pé kí ẹnu olórin má kan ilé òun.

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká jáde lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Ó gbójú sókè, ó ní, "Ta ló kú?"

Kí n tó lọ síwájú, ẹ óò rí i pé "ó" ni mo ń lò fún ọkọ mi nínú àkọsílẹ̀ yìí, kì í ṣe "wọ́n". Lójú ayé, "wọ́n" ni mo máa ń lò bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, "ẹ" ni mo sì ń lò bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ "wọ́n" níbi gbogbo, ẹ kò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ gbogbo ilé oúnjẹ. Ó ti ka àkọsílẹ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kò kàn tètè gbà ni.

Ọdún 2019 la dé Lyon. Ìwé ló gbé mi wá, ọkọ mi ló tẹ̀ lé mi. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí pé nílé wa ìyàwó ló ń tẹ̀ lé ọkọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀, lẹ́bàá àwọn òkè Ṣábẹ̀ tí ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou máa ń rí lókèèrè. Bó bá ń kọjá lójú pópó, àwọn tó ti kọ́ níwèé a sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù láti kí i. Ní Lyon, inú ilé ìkẹ́rù kan lápá Saint-Priest ló ti ń to páálí lóru. Bó bá ń jáde lálẹ́, èmi ń ti yàrá ìkàwé wọlé. Bó bá ń wọlé láàárọ̀, èmi ń múra àwọn ọmọ láti jáde. Ní 2021 la bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Láti ìgbà náà, a dà bí ọdẹ méjì tó ń ṣọ́ ilé kan náà: ọ̀kan dé, ó gba kọ́kọ́rọ́, èkejì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kò lè mọ bí àìsí ẹbí nítòsí ṣe ń rí nínú ìgbéyàwó. Nílé, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ì bá ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ì bá ti wá jókòó, ì bá ti bá a wí níṣojú mi, kó sì wá bá èmi náà wí ní kọ̀rọ̀. Ní Vénissieux níbi tí à ń gbé, ògiri ló ń gbọ́ ẹjọ́ wa. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká jáde nìyẹn. Kì í ṣe pé a ń jà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a kò sọ ohun kan fún ara wa ju "Ó ku miliki" àti "Iná ti wọlé" lọ. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìjà lọ.

Mo wá ilé oúnjẹ kan ní Vieux Lyon, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní "bouchon". Orúkọ yìí nìkan tó ẹ̀rín. Lẹ́nu àwọn Faransé, ìdérí ìgò ni bouchon, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni bouchon, ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ Lyon náà ni bouchon. Ọkọ mi gbọ́ pé bouchon là ń lọ, ó ní, "Èmi tí mo ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, ibẹ̀ lo ń mú mi lọ lálẹ́?" A jọ rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wa kan, obìnrin ará Lomé, gbà láti jókòó ti àwọn ọmọ títí di agogo mọ́kànlá. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni, òtútù ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ kọ́kọ́ ra nǹkan ní Guillotière, níbi tí àwa ará Áfíríkà ti ń ra gàrí àti iṣu. Ilé oúnjẹ náà kéré, tábìlì fara kan tábìlì. Nígbà tó wọlé, kò rí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò gàrí lọ́wọ́, nínú kóòtù tó wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó wa. Mo pè é sókè: "Bàbá Ìbejì!" Gbogbo orí yí padà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo wí, ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn. Ó wá, ó kí àwọn tọkọtaya àgbàlagbà tó wà ní tábìlì kejì pé "Bonne assise." Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé "ẹ kú ìjókòó" ló wà lábẹ́ gbólóhùn yẹn, ẹ mọ̀ pé ìkíni tó pé ni. Irú rẹ̀ ni "bonne arrivée" àti "merci pour hier" tí gbogbo wa ń lò ní Kútọnu láìronú. Ọkùnrin àgbàlagbà náà rò ó díẹ̀, ó sì dáhùn pé, "À vous aussi." Mo gba tirẹ̀.

Ìwé oúnjẹ dé. Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ẹ lọ ka ìwé oúnjẹ Lyon. "Cervelle de canut", ọpọlọ ahunṣọ síliki: wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n po mọ́ ewé àti àlùbọ́sà ni, kò sí ọpọlọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Tablier de sapeur", aṣọ ìbàǹtẹ́ àwọn ọmọ ogun: èyí ni mo mú láìbéèrè. Nígbà tó dé, mo gé e, mo tọ́ ọ wò. Ṣàkì ni. Ṣàkì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì bò, tí wọ́n dín. Mo ti rìn láti Kétu dé Lyon láti wá jẹ ṣàkì láìsí ata. Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Kí oúnjẹ tó dé ni ìjà ti dé.

Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá dúró tì wá pẹ̀lú ìwé kékeré rẹ̀. Mo ti sọ tèmi. Ọkọ mi ṣì ń ka ìwé oúnjẹ, mo sì mọ̀ pé owó ló ń kà. Mo yíjú sí i, mo ní, "Et toi, tu prends quoi?" Faransé ni mo fi sọ ọ́, nítorí pé ọmọkùnrin náà wà lórí ìdúró. Bí a bá sọ èdè tí kò gbọ́ lójú rẹ̀, ó lè rò pé òun là ń sọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣe òfin yẹn láti ọjọ́ tí a ti dé: bí àlejò bá wà láàárín wa, Faransé.

Ọkọ mi gbé ìwé oúnjẹ sílẹ̀. Kò wò mí. Ó sọ fún ọmọkùnrin náà pé, "Madame va choisir." Madame! Mo yan quenelle fún un, nítorí pé wọ́n kọ orúkọ ẹja sí i. Ọmọkùnrin náà lọ.

"Ta lò ń pè ní tu?"

Mo rò pé ó ń ṣeré. Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

"O rí i pé o mọ̀ ọ́n. 'Ẹ̀yin' lo sọ yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, nítorí pé a sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Tábìlì kejì kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí wa. Mo sọ fún un pé kò sí bí mo ṣe lè pè é ní "vous" ní gbangba. Bí ìyàwó bá ń pe ọkọ rẹ̀ ní vous ní Faransé lónìí, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ìdílé ọlọ́lá ayé àtijọ́ ni wọ́n, tàbí pé wọ́n fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀.

Ó ní, "Chirac ńkọ́?"

Ẹ má gbàgbé pé olùkọ́ ìtàn ni. Jacques Chirac, ààrẹ Faransé láti 1995 sí 2007, àti Bernadette ìyàwó rẹ̀: vous ni wọ́n ń pe ara wọn, gbogbo ilẹ̀ Faransé ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìdáhùn. Mo ní, "Vous ni Chirac náà ń pè é padà. Ẹ̀yin, ìgbà wo lẹ pè mí ní ẹ rí? 'O' ni mí ní Yorùbá, 'tu' ni mí ní Faransé. Èdè méjèèjì ni mo ti jẹ́ ọmọdé."

Ó dákẹ́. Oúnjẹ dé nígbà yẹn. Quenelle náà rọ̀, ó funfun, omi ọbẹ̀ rẹ̀ pupa díẹ̀; ó fi fọ́ọ̀kì wá ẹja inú rẹ̀ títí, kò rí i, nítorí pé wọ́n ti lọ ẹja náà mọ́ ìyẹ̀fun. Ó béèrè ata. Wọ́n gbé nǹkan pupa gbígbẹ kan wá nínú àwo kékeré tó dà bí ìbọ́jú ọmọlangidi. Ó dà á sílẹ̀ tán, ó tọ́ ọ wò, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó wá sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní: "Ní ibi iṣẹ́, ọmọ ogún ọdún ló ń pàṣẹ fún mi. Orúkọ àbísọ mi ló ń pè, tu ló ń pè mí. Gbogbo òru, orúkọ mi ló ń dún nínú ilé ìkẹ́rù yẹn bí orúkọ ajá. Mi ò bínú, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá délé láàárọ̀ tí o bá ní 'Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀', ibẹ̀ ni mo ti ń padà di ènìyàn. Ẹnu rẹ nìkan ló kù ní gbogbo Lyon yìí. Lálẹ́ òní, mo wọ kóòtù, mo jókòó, o pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí níbẹ̀."

Mi ò rí èsì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé mo gbà pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Tu tí mo sọ yẹn, tu ìyàwó sí ọkọ ni, kò bá tu ọ̀gá sí òṣìṣẹ́ tan rárá. Roger Brown àti Albert Gilman ti ya wọ́n sọ́tọ̀ láti 1960: arọ́pò-orúkọ kan náà lè jẹ́ ti agbára, ó sì lè jẹ́ ti ìrẹ́pọ̀. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì, mo ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, báwo ni ọkọ mi ṣe máa fi etí mọ ìyàtọ̀ wọn? Ìró kan náà ni. Òru márùn-ún lọ́sẹ̀ ni tu ti agbára ń dún sí i létí. Ti ìrẹ́pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbọ́ ọ lóṣù náà, ó sì jẹ́ pé níwájú àlejò ni.

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ ni tẹlifóònù rẹ̀ ti dún. Nígbà òtútù, agogo Lyon àti agogo Ṣábẹ̀ bára dọ́gba, nítorí náà ẹni tó ń pè láti ilé mọ̀ pé a kò tíì sùn. Àbúrò rẹ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, èmi náà ń pe àbúrò yìí ní ọkọ mi, nítorí náà ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ mi kan ló gba ọkọ mi kejì lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jáde lọ dá a lóhùn. Mo ń wò ó láti inú gíláàsì, tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀ nínú òtútù, tó ń fọwọ́ ṣàlàyé. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í dì lórí ṣàkì mi. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kọjá, ó béèrè pé, "Ça a été?" Gbólóhùn yẹn kò fẹ́ ìdáhùn mìíràn ju "Très bien, merci" lọ, mo sì fún un.

Ìwé owó dé: yúrò 74. Oúnjẹ méjì ní yúrò 32 lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ọsàn méjì ní yúrò márùn-ún márùn-ún. Ọkọ mi kì í lo ẹ̀rọ láti sọ yúrò di sẹ́fà, 655.957 ti wọ ọ́ lórí bí orúkọ. Ó wo ìwé náà, ètè rẹ̀ mì, ó ní, "48,540." Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀, tí ìjọba gbé láti 40,000 dé 52,000 sẹ́fà ní 2023, ó fi díẹ̀ ju oúnjẹ wa lọ. Mo sọ fún un pé owó tí mo fi kọ́ ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ àfikún ni mo fẹ́ fi san án. Kò dáhùn. Ó san án fúnra rẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé gàrí rẹ̀, a jáde.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀, ìlà D, tí ì bá gbé wa tààrà dé Vénissieux. Kò wọ̀ ọ́. Ó ń rìn lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. A gba orí afárá odò Saône, a la pápá Bellecour kọjá, a dé afárá Guillotière lórí odò Rhône. Atẹ́gùn orí odò yẹn lóṣù Kọkànlá, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wà ní Kétu. Lẹ́yìn afárá náà, ilé ìtajà ará ilẹ̀ Tọ́kì kan ṣì ṣí sílẹ̀. Ó dúró. Ó yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti jáde.

"Ebi ń pa ọ́?"

"Ebi ń pa mí."

Ó ra kebab kan, yúrò méje, ó ní kí wọ́n fi ata sí i dáadáa. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ń gé e jẹ láti ọwọ́ ara wa. Ata náà mú. Mo kíyè sí i pé kò sọ yúrò méje náà di sẹ́fà. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wọn ti tún gbéra, pé 30,000 sẹ́fà ni wọ́n fẹ́ fi ra oògùn, pé àbúrò òun béèrè ibi tí òun wà. Ó ní, "Mo sọ fún un pé ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò lè sọ fún un pé mo jókòó nílé oúnjẹ." Mo gbé ọwọ́ mi sí apá kóòtù rẹ̀. Ó ti tutù bíi irin. Bóyá kí n sọ pé ìyẹn ni ìjáde náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí aládùúgbò wa pè pé Kẹ́hìndé ti jí, pé ó ń sunkún, pé ó ti jí Táyé. A sáré wọ ọkọ̀. Ìlà D kò ní awakọ̀, ẹ̀rọ ló ń wa ara rẹ̀. A jókòó níwájú pátápátá níbi tí awakọ̀ ì bá wà, a ń wo ihò dúdú tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọlé, obìnrin ará Lomé náà dìde, ó gbé ọmọ kan sí èjìká, ó ní, "Bonne arrivée."

Mo fi 20,000 kún 30,000 náà, ó lọ sí Ṣábẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

A kò tíì padà sí bouchon. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ náà kò sì tán, a kàn wá nǹkan fi dí i ni. Bí mo bá ń bá ọkọ mi sọ Faransé níwájú ènìyàn báyìí, mi ò sọ tu, mi ò sì sọ vous. "On" ni mo ń lò. "On prend quoi?" "On a fini?" "On est fatigué?" Àwọn Faransé kò fura, nítorí pé "on" ti gba ipò "nous" lẹ́nu wọn tipẹ́, etí ọkọ mi kò sì gbọ́ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kókó fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ gbọ́ o: ẹ lọ bá àwọn tọkọtaya wa tó ń sọ Faransé, kì í ṣe ní Lyon nìkan, ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ pàápàá, kí ẹ ka iye ìgbà tí ìyàwó fi "on" sá fún "tu". Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí etí mi ti là sí i. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Àjàṣẹ́, sọ fún mi pé òun kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òun náà ṣe nǹkan kan tí mi ò béèrè. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ, ó máa ń sọ pé "Ìyá Ìbejì, ẹ gba ọmọ yìí." Ẹ! Ìgbà àkọ́kọ́, mo wẹ̀yìn wò bóyá ìyá mi ló wọlé. Ó ní nítorí kí àwọn ọmọ lè kọ́ ọ ni. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo padà di "o". Mi ò tíì pinnu bóyá ìyẹn tó mi.

Ní ti àwọn ọmọ, wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, tu ni wọ́n ń pe gbogbo ayé, títí kan olùkọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ "o" fún bàbá wọn ní Yorùbá láìbẹ̀rù. Ọkọ mi ń tún un ṣe fún wọn pẹ̀lú sùúrù olùkọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ti délẹ̀, ó sì ń sùn nítorí iṣẹ́ alẹ́. Mo ní kí Kẹ́hìndé lọ jí i. Mo gbọ́ ọ tó kan ilẹ̀kùn, tó gbóhùn sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi: "Bàbá Ìbejì, ẹ wá jẹun, on mange!"